Ìdí Ilé Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Àsìkò òjò gan-an ni ìwé ìbéèrè fún owó yíyá máa ń pọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, tí a ó rí i kà nínú púpọ̀ wọn pé "fún àtúnṣe ilé". Bí a bá bi oníbèéèrè pé kí ló ṣe ilé, yóò ní ògiri ló là, òun fẹ́ rẹ́ ẹ, kí òun sì kùn ún kí ọdún tó dé.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ yáni lówó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi mọ ohun tó la ògiri náà. Ẹni tó bá rò pé a le jù, ẹ jẹ́ kó gbọ́ tiwa ná. Ògiri tó là láti ìsàlẹ̀ wá sókè, tí ojú lílà náà ń gun búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tí ilẹ̀kùn kò fẹ́ pa dé mọ́, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì bò ó lónìí, òjò ẹ̀ẹ̀mí-ìn yóò tún là á. Owó ti lọ, gbèsè ò lọ. Bí ẹni tó yá a kò bá sì rí i san, ta la máa dì mú? Àwọn onídùúró ni, ìyá kan tó ń ta ata àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ló ń bani lẹ́rù o. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, tí kò kọjá ara sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ògiri, kò ṣe nǹkan. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó là dé, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ máa fi rúlà wọn fífẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí tó ti fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀dà.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tiwa, omi lọ̀tá. Omi orí páànù ń já sẹ́sẹ̀ ògiri, omi balùwẹ̀ ń ṣàn sẹ́yìnkùlé, gọ́tà dí, ọ̀gbàrá sì ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí kọnkéré ìpìlẹ̀ fi yọ síta bí eyín. Ẹ kọ́kọ́ wá ibòmíràn tí omi yóò gbà. Bó bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ nìkan ló lọ, tí kọnkéré ṣì le, ẹ da ilẹ̀ pupa sí i ní ìpele ìpele, kí ẹ gún ìpele kọ̀ọ̀kan kó le, kí ẹ wá da kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri lé e.

Bó bá jẹ́ pé kọnkéré fúnra rẹ̀ ló fọ́, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kankan gbẹ́ gbogbo ìdí ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé ó fẹ́ parí lọ́jọ́ kan. (Àwọn bíríkìlà inú ẹgbẹ́ wa, ẹ má bínú.) Kí ni yóò gbé ilé dúró? Ìwọ̀n mítà kan ni kó gbẹ́, kó fo ibi tó tẹ̀ lé e, kó da kọnkéré sí èyí tó gbẹ́, sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4, kí omi má pọ̀ jù. Kó fi àlàfo bí íǹṣì 3 sílẹ̀ lábẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́. Bí èyí bá ti le, kó po sìmẹ́ǹtì 1 mọ́ iyanrìn 3 kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó fi igi kì í mọ́ àlàfo náà dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó lè gbẹ́ ibòmíràn. Kí wọ́n máa wọ́n omi sí kọnkéré náà fún ọjọ́ 7.

Ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yàtọ̀. Ẹnjiníà ni kẹ́ ẹ pè. A ò tíì gbàgbé Ìta Fàájì l'Ékòó, níbi tí ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ ti wó lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tó pa àwọn ọmọdé.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí owó ìpìlẹ̀ àti ti gọ́tà máa ṣíwájú owó ọ̀dà. Kí a san ìdajì, kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ lọ wo kòtò náà kí wọ́n tó dí i, kí a tó san ìyókù. Àwọn kan ti ń sọ pé yíyọjú sílé onílé nìyẹn. Kí wọ́n wá sọ ọ́ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, níwájú àwọn tó ń dúró fún wọn.