Òjé Ọbàtálá Kò Bẹ Ẹnikẹ́ni Pé Kó Sọ Òun Di Wúrà



Àṣà kan ń fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi tàdáwà, tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní yíǹkì, ya àwòrán, àti láàárín àwọn tí ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ wọn. Bí ẹnì kan bá ya ejò tó ká yí ọpọ́n Ifá po, wọn yóò ní àmì álíkẹ́mì ni. Bí ó bá ya orí méjì sórí ọrùn kan, wọn yóò tún ní álíkẹ́mì ni. Bí ó bá da tàdáwà dúdú bo ìdajì tákàdá, wọn yóò ní ìpele ìjẹrà ni, èyí tí ẹ̀mí gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó rí ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú àwa tí a ń sọ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ jí sì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní iyì ni fún wa pé Ifá náà ní álíkẹ́mì tirẹ̀. Èmi kò rí iyì kankan níbẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni, àwa la sì ń pàdánù.

Kí a má bú ohun tí a kò mọ̀. Álíkẹ́mì jẹ́ ìmọ̀ tó ní ìtàn. Àwọn ará Íjíbítì tí ń kọ èdè Gíríìkì, bíi Zosimos ará Panopolis, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ọ̀dọ̀ wọn náà ló sì gbà dé Yúróòpù. Góńgó rẹ̀ ni láti sọ irin tí wọ́n kà sí yẹpẹrẹ, pàápàá òjé, di wúrà. Ọ̀nà náà ní ìpele: dúdú ni ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ohun gbogbo ti ń jẹrà; funfun ni ìwẹ̀nùmọ́; pupa ni àṣeyọrí. Ní 1944, Carl Gustav Jung, oníṣègùn ọkàn ará Switzerland, tẹ ìwé Psychologie und Alchemie jáde, ó sì ṣàlàyé pé ọkàn ènìyàn ni àwọn alálíkẹ́mì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ló wà lójú iná wọn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán òde òní gba ọ̀dọ̀ Jung dé ìdí àwọn àmì wọ̀nyí. N kò bá wọn jà lórí ilẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo òjé náà. Nílẹ̀ wa, òjé ni ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn olùsìn Ọbàtálá. Pẹ̀lú ṣẹ́ṣẹ́ ẹfun àti aṣọ àlà la fi ń dá wọn mọ̀. Irin tí álíkẹ́mì kà sí yẹpẹrẹ ni ọ̀ṣọ́ òrìṣà tó mọ orí, tó mọ ojú. Idẹ jẹ́ ti Ọ̀ṣun, irin jẹ́ ti Ògún, òjé jẹ́ ti Ọbàtálá. Kò sí àkàsọ̀ láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni kì í sọ irin Ògún di idẹ kí Ògún tó níyì. Nítorí náà, ayàwòrán tó fi tàdáwà ya Ọbàtálá, tó sì fi òjé ọwọ́ rẹ̀ ṣe àmì ohun tí a gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, kò fi nǹkan kan kún òrìṣà náà. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ni.

Ẹ wo ejò tó gbé ìrù ara rẹ̀ mì. Àwòrán rẹ̀ wà lára ilé wúrà tí wọ́n tò yí pósí Tutankhamun ká ní Íjíbítì, ó ti lé ní 3,000 ọdún. Àwọn alálíkẹ́mì gbà á lò, wọ́n sì fi sọ pé ọ̀kan ni ohun gbogbo, pé ìpé ni ohun tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn Fọ̀n, aládùúgbò wa ní Dàhọ̀mì, náà ní ejò, Aido-Hwedo, tí òun àti Òṣùmàrè wa jọ jẹ́ ìbátan. Nínú ìtàn kan tí Melville Herskovits gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn, tó sì tẹ̀ jáde ní 1938, ejò yìí ló ká sábẹ́ ayé tó gbé e ró. Irin ni oúnjẹ rẹ̀, àwọn ọ̀bọ pupa ló sì ń rọ ọ́ fún un nísàlẹ̀ òkun. Lọ́jọ́ tí irin bá tán, ebi yóò mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrù ara rẹ̀, ayé yóò sì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sínú òkun. Ejò kan náà, ẹnu kan náà, ìrù kan náà. Ìpé ni lọ́dọ̀ àwọn kan, ìyàn àti ìparun ni nínú ìtàn yìí. Ẹni tó fojú àwòrán nìkan ṣe ìtumọ̀ kò lè mọ èyí tí òun ń wò. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹlòmíràn yóò ní Áfíríkà ni Íjíbítì wà, tiwa náà ni ejò ọ̀hún. Mo ti gbọ́ ọ púpọ̀. Pé ilẹ̀ so pọ̀ kò sọ pé èdè dọ́gba. Bí ọmọ Íjíbítì àtijọ́ bá jí lónìí, ògbufọ̀ ni yóò wá kó tó lè bá wa sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí àmì rẹ̀ kò fi ní nílò ògbufọ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé ń pè ní Twins Seven-Seven, ni a bí ní 1944 ní Ògìdì Ìjùmú. Ó dé Òṣogbo ní 1964, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí Ulli Beier àti Georgina Beier kó jọ láti máa ṣiṣẹ́ ọnà. Kálámù àti tàdáwà wà lára ohun tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀. UNESCO fi oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá ní 2005, ó sì papòdà ní 2011. Ẹni tó bá dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé àyè òfìfo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ìlà tín-ín-rín kún inú ara ẹranko, ẹranko ń hù lára ènìyàn, orí ń yọ láti inú orí, gbogbo rẹ̀ sì dà bí ara igbá fínfín. Ayé iwin tí a mọ̀ nínú àlọ́, tí a sì tún bá nínú ìwé D. O. Fágúnwà àti Amos Tutùọlá, ló wà níbẹ̀.

Ní ti orí méjì, àwọn ìwé álíkẹ́mì ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní rebis: ara kan, orí méjì, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin. Òpin iṣẹ́ ló dúró fún, níbi tí méjì ti parapọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó bá fi rebis ka iṣẹ́ Twins Seven-Seven ti ṣìnà kó tó gbéra. Ọkùnrin yìí máa ń sọ pé ìbejì ìgbà méje ni ìyá òun bí, òun nìkan ló sì là. Orúkọ tó ń jẹ́ ru ìtàn náà. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ìbejì kì í ṣe méjì tó fẹ́ di ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá lọ, a ó gbẹ́ ère rẹ̀, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó bọ́ ọ, a ó fi osùn pa á lára, a ó fi elú kun irun orí rẹ̀, kí méjì lè máa jẹ́ méjì. Ìyá tó fi ère ọmọ sínú ìró kò wá ìṣọ̀kan kankan. Ó kọ̀ kí iye ọmọ òun dín ni. Bí a bá gba ọ̀fọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, tí a fún un ní rebis, ìwà àìlójú-àánú la hù sí i.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ dúdú. Lédè wa, funfun, pupa àti dúdú ni ìpìlẹ̀ orúkọ àwọ̀. Òru àti aró wà lábẹ́ dúdú, kò sì sí ìjẹrà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ aláró. Aṣọ funfun ló ń wọ ìkòkò. Ewé elú tí a gún tí a sì sá ló wà nínú omi eérú tí a sẹ́. Aṣọ náà a yọ jáde pẹ̀lú àwọ̀ bí ewé, atẹ́gùn a fẹ́ sí i, a sì máa ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣe ń rì í sí i ni yóò máa dúdú sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ yóò máa gòkè. Ní àgbàlá Ìyá Mọ̀pó, funfun ni ìbẹ̀rẹ̀, dúdú ni àṣeyọrí. Síbẹ̀ a kò torí èyí tẹ́ńbẹ́lú funfun. Àlà Ọbàtálá ń bẹ. Àwọn ìyá àgbà tí ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀ ń to àwọn àwọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kò gun orí èkejì. Mo mọ̀ pé àwọn alálíkẹ́mì kò sọ̀rọ̀ awọ ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n àmì kì í jókòó síbi tí ẹni tó gbé e wá fi í sí. Ọmọ wa tó bá kọ́ láti inú àwòrán wa pé dúdú ni ìdọ̀tí tí a ó fọ̀ kúrò kí a tó di ènìyàn pípé, kí ni yóò rò bó bá wo dígí?

Ifá kò fún àkàsọ̀ yìí láyè. Bí ikin méjì bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, ojú kan ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn; bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ojú méjì. Ogbè jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan jálẹ̀, Ọ̀yẹ̀kú jẹ́ méjìméjì jálẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀yẹ̀kú kò rìnrìn àjò lọ di Ogbè. Nínú odù 256, kò sí èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí odù mìíràn. Ire wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹbọ ni ó sì ń tún un ṣe.

Ṣé mo wá ń sọ pé kí a má yá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni? Rárá o. Tàdáwà gan-an, ọ̀dọ̀ Haúsá la ti yá ọ̀rọ̀ náà. Tawada ni wọ́n ń pè é, àwa la pa ipò kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ dà. Àfiwé náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ohun méjì wéra gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì lédè wọn. Rowland Abíọ́dún kọ odidi ìwé lórí èyí, Yoruba Art and Language, ní 2014. Ṣáájú rẹ̀, ní 1989, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó pe ara wọn ní Ọ̀nà, tí wọ́n ti Ifẹ̀ jáde, ti fi hàn pé ọnà Yorùbá tó láti bí iṣẹ́ tuntun. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe wa: à ń ya àwòrán bí aṣọ ṣe ń ya, à ń kọ̀wé bí a ṣe ń kọlà, à ń fín igbá, à ń tẹ Ifá. Gbogbo wọn ló ń la ojú sí ohun kan kí ó lè sọ̀rọ̀. Èwo nínú wọn ló ń sọ ohun kan di òmíràn?

Kí n tó dákẹ́, ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ àwa awo. Ìwé Kẹfà àti Ìkeje Mósè, tí wọ́n tẹ̀ ní Stuttgart ní 1849, àti àwọn ìwé tí ilé-iṣẹ́ de Laurence ń tà láti Chicago, ti wọ Nàìjíríà láti ayé ìjọba òyìnbó. Àwọn kan nínú wa ṣì ń ya èdìdì inú wọn sórí tákàdá fún oníbàárà, wọ́n sì ń pè é ní Ifá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwa bá ń ta ohun tí kì í ṣe tiwa lórúkọ Ifá, ẹnu wo la ó fi bá ayàwòrán wí?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya àwòrán, kí ẹ tó tẹ kálámù bọ tàdáwà, ẹ lọ jókòó ti aláró, ẹ lọ wo ọ̀fíngbá, ẹ bi babaláwo ní orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ yà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nípa wọn, ẹ kọ́ Yorùbá dáadáa kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ fún ayé. Ẹ̀yin awo, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ẹ má sì fi owó ìwé gíga lé wọn padà. Bí a kò bá dá wọn lóhùn, íńtánẹ́ẹ̀tì yóò dá wọn lóhùn.

Kí Ọbàtálá tún ojú inú wa ṣe. Àṣẹ.