Àpdéètì Ẹ̀gbẹ́ Kan Kò Tó

Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń mọ ọjà Yankaba ní Kano. Ẹni tó bá kúrò ní Sabon Gari tó gba ọ̀nà Hadejia lọ láàárọ̀ yóò rí agbọ̀n tòmátì tí wọ́n tò lérí ara wọn, yóò sì gbọ́ ariwo àwọn tó ń nájà. Ohun tí àlejò kì í tètè fojú sí ni kọ̀ǹpútà inú àwọn ọ́fíìsì kéékèèké àdúgbò: ṣọ́ọ̀bù oògùn, iléèwé aládàáni, ọ́fíìsì àwọn akẹ́rù, ibi tí àwọn ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí bá yọnu, kò pọn dandan kí ẹni tí yóò tún un ṣe wà ní Kano. Ó lè wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè wà ní Ìkẹjà, ó sì lè jẹ́ àbúrò ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó ń gbé ní Peckham ní London. Yóò pè lórí fóònù, wọn yóò ka nọ́ńbà tó hàn lójú kọ̀ǹpútà fún un, kò sì ní pẹ́ tí máòsì yóò fi máa rìn káàkiri láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí bá àwọn Yorùbá Kano lára mu. Reluwé dé ìlú náà ní 1911, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba amúnisìn ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá láti gúúsù. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń bá ẹni tí wọn kò rí sójú dòwò: owó wà ní Kano, ẹrù wà l'Ékòó, lẹ́tà àti tẹlifóònù ló so wọ́n pọ̀. Lónìí, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nìkan mọ́. Ó ń wọ inú ìwé oníṣòwò fúnra rẹ̀, ó ń ṣí fáìlì, ó ń rí orúkọ oníbàárà, ó ń rí iye tí wọ́n jẹ àti iye tí wọ́n san. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àpdéètì àwọn ètò tó ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tí kò fẹ́ kó sọnù.

Microsoft gbé ètò lílo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn jáde nínú Windows NT 4.0 fún àwọn sáfà iléeṣẹ́ ní 1998. Nígbà tí Windows XP fi máa dé ní 2001, Remote Desktop ti wọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. TeamViewer jáde láti Göppingen ní Jámánì ní 2005, AnyDesk sì tẹ̀ lé e láti Stuttgart ní 2014. Àwọn méjèèjì wúlò fún ọ̀pọ̀ oníkọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, nítorí pé Windows Home tó máa ń wà nínú láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú kì í gba àlejò láti òde pẹ̀lú Remote Desktop ti Microsoft. Àwọn kan máa ń fi ètò tí wọ́n ń pè ní RDP Wrapper fipá ṣí ilẹ̀kùn náà. Bí àpdéètì Windows bá ti dé, RDP Wrapper lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni ẹni tó gbé e síbẹ̀ máa ń ṣe? Yóò dí ọ̀nà àpdéètì pátápátá kí oníbàárà má bàa pè é láàárín òru. Kọ̀ǹpútà yẹn á wá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, láìgba àtúnṣe kankan.

Ètò lílo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn ní ẹ̀gbẹ́ méjì: èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé, àti èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń wọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gba àpdéètì tí èkejì kò gbà á, àwọn méjèèjì lè má gbọ́ ara wọn yé mọ́, tàbí kí wọ́n máa gbọ́ra wọn yé lọ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ fún olè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù, nítorí kò sẹ́ni tí yóò tètè mọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Ní Oṣù Kẹta ọdún náà, Microsoft tún àléébù kan ṣe nínú CredSSP, ìyẹn ọ̀nà tí Remote Desktop ń gbà fi ẹni tó ń wọlé han sáfà. Olè tó bá lúgọ sáàárín lè lo àléébù náà láti pàṣẹ fún sáfà. Wọ́n fún gbogbo ayé ní nǹkan bí oṣù méjì láti ṣe àtúnṣe. Lọ́jọ́ 8 Oṣù Karùn-ún, àpdéètì mìíràn dé, ó ní kí kọ̀ǹpútà tó ti gba àtúnṣe má ṣe bá sáfà tí kò tíì gbà á sọ̀rọ̀ mọ́. Lójijì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé tẹ páswọ́ọ̀dù tó tọ̀nà tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí fún wọn. Sáfà ló lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe àpdéètì tirẹ̀ ni ìyà jẹ. Àwọn oníkọ̀ǹpútà tí ọ̀gá ń pariwo mọ́ wá ọ̀nà àbùjá: wọ́n yọ àpdéètì náà kúrò, tàbí kí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà tiwọn máa gba sáfà alábùkù bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ọ̀gá sì dúpẹ́. Àṣìṣe gbáà ni ọpẹ́ yẹn. Sáfà ló yẹ kí wọ́n tọ́jú, kì í ṣe kí wọ́n sọ ẹni tó ti ṣe dáadáa di aláìlera bíi tirẹ̀.

Nígbà mìíràn àpdéètì fúnra rẹ̀ ló máa ń mú àìsàn wá, ó sì yẹ kí wọ́n sọ èyí láìfi bò. Láti Oṣù Kìíní 2025 ni àwọn kan tó ń lo Windows 11 ẹ̀dà 24H2 ti ń rí i pé bí wọ́n bá wọ sáfà tó ń lo Windows Server 2016 tàbí èyí tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìsopọ̀ wọn á já lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 65. Àpdéètì Oṣù Kẹta sọ ọ̀ràn náà di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí Microsoft tó ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ìparí oṣù yẹn. Láàárín àkókò kan náà, àpdéètì Oṣù Kejì fún Windows Server 2025 ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà gan láìpẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá wọlé: máòsì kò ní ṣiṣẹ́, lẹ́tà kò ní tẹ̀, àfi kí ẹni náà jáde kó tún wọlé. Ní Kano, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń já fúnra rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá 65 yìí kì í ṣe ẹ̀bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ẹlòmíràn á ra dátà mìíràn, á pààrọ̀ síìmù, á gun orí òrùlé lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nígbà tí Microsoft ti kọ àléébù náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn àléébù tí wọ́n mọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí, kó rántí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní Nàìjíríà. Ìdánwò UTME ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 24 Oṣù Kẹrin. Àjọ náà ti pinnu pé wọn yóò máa da ìbéèrè àti ìdáhùn rú fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa gba ọ̀nà tuntun ṣe ìdíwọ̀n èsì. Ó di dandan kí àwọn sáfà gba àpdéètì kí èyí tó lè ṣeé ṣe. Ìsọ̀rí sáfà tí wọ́n ń pè ní KAD, láti ara orúkọ Kaduna, gbà á. Ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní LAG, tó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún gúúsù ìlà-oòrùn, kò gbà á. Ìdánwò ń lọ, àwọn ọmọ ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i.

Èsì jáde, igbe ta. Lọ́jọ́ 14 Oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìlú. Ibùdó ìdánwò 157 nínú 887 ni ọ̀ràn náà kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá tún ìdánwò ṣe, 206,610 nínú wọn sì jẹ́ ti Èkó. Kano kò sí lára wọn. Ọmọ Sabon Gari tó ṣe ìdánwò ní Kano gba èsì tirẹ̀. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ṣe é l'Ékòó ní láti tún jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ọkàn tó ti dàrú. Ètò JAMB kì í ṣe Remote Desktop, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n: ẹ̀gbẹ́ kan gba àtúnṣe, èkejì kò gbà á, kò sì sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ẹ̀gbẹ́ kejì kó tó di pé nǹkan bàjẹ́.

Ewu olè wà lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ 14 Oṣù Karùn-ún 2019, Microsoft kéde àléébù kan tí wọ́n wá sọ ní BlueKeep. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè wọ kọ̀ǹpútà láti inú Remote Desktop láìní páswọ́ọ̀dù rárá, á sì lè ti ibẹ̀ fò sínú òmíràn. Windows 7 àti àwọn àgbà tó ṣáájú rẹ̀ ló kàn. Ọ̀ràn náà le débi pé Microsoft ṣe àtúnṣe fún Windows XP, tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ láti 2014. Àjọ ààbò NSA ti Amẹ́ríkà alára jáde wá bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n ṣe àpdéètì. Nígbà tó di Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn olè ti ń fi àléébù yìí wọ kọ̀ǹpútà olóhun láti fi í wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ara wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejì 2024, AnyDesk fúnra wọn kéde pé olè ti wọ inú sáfà wọn. Wọ́n fagi lé èdìdì tí àwọn ètò wọn àtijọ́ gbé, wọ́n sì rọ gbogbo oníbàárà láti gba ẹ̀dà tuntun. Bí ẹnikẹ́ni ní Yankaba tàbí níbikíbi bá ṣì ń lo AnyDesk tí wọ́n gbà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì ń fi fláàṣì gbé e kiri láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà, lónìí ni kó pa á rẹ́.

Kò yẹ kí a dá gbogbo ẹ̀bi rù oníkọ̀ǹpútà. Dátà wọ́n. Ní Oṣù Kìíní 2025 ni àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, àpdéètì Windows kan ṣoṣo sì lè gbé odidi gígà lọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ń sọ fún Windows pé dátà tí wọ́n ń rà ní ìwọ̀n, kó má ṣe gba ohunkóhun. Iná náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí iná lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà wà láàárín àpdéètì. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà àti Jámánì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn oníbàárà wọn kan wà tí kì í ní iná àti dátà lẹ́ẹ̀kan náà. Àpdéètì ààbò yẹ kó kéré, kó sì dá dúró lọ́tọ̀ sí ohun ọ̀ṣọ́ tuntun. Ìbéèrè tó tọ́ ni èyí, kò sì yẹ kó rẹ̀ wá láti máa béèrè rẹ̀.

Síbẹ̀, dátà tí ènìyàn fẹ́ dá sí kò tó iye ìwé gbèsè ọdún márùn-ún tí olè lè tì pa. Ẹni tó ń lo Windows 10 kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ parí lọ́jọ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Áàpù Remote Desktop tí Microsoft ń pín nínú Store náà ti kógbá sílé láti 27 Oṣù Karùn-ún 2025. Windows App ló rọ́pò rẹ̀. Olè kan sì wà tí àpdéètì kankan kò lè dá dúró: ẹni tó bá pè, tó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó ní kí ẹ gbé AnyDesk sórí fóònù yín kí ẹ sì ka nọ́ńbà tó bá hàn fún òun. Báńkì àpapọ̀ Íńdíà ti kìlọ̀ nípa irú ìwà yìí láti Oṣù Kejì 2019. Ẹ pa fóònù mọ́ ọn lójú.

Ẹni tó bá ní ọ́fíìsì, yálà ní Yankaba ni o, ní Ìbàdàn tàbí lókè òkun, kó yan ẹnì kan kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tí yóò máa wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní oṣooṣù, tí yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì sí ibòmíràn, tí yóò ka àléébù tí wọ́n ti mọ̀ nínú àpdéètì kó tó gbà á. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí wọ́n sì san owó rẹ̀. Ẹ pe oníkọ̀ǹpútà yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi í ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín gba àpdéètì kẹ́yìn. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó ṣí i, kó wò ó lójú yín.