Oògùn Ṣáájú Ọ̀bẹ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí jẹ́ èyí tí ojú máa ń ti àwọn ọkùnrin láti sọ, àgàgà níwájú ìyàwó àti níwájú pásítọ̀: ẹ̀jẹ̀ tí ń bá ìtọ̀ jáde.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa ní Ìlàrè níhìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ìtọ̀ òun pọ́n bí omi ìṣápá. Kò dùn ún, kò ta á. Ní ọjọ́ kẹta ó mọ́, ó sì gbà pé ó ti lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì ó padà wá. Ó mu àgbo, ó tún mọ́. Nígbà tí ó fi bá wa sọ ọ́, oṣù mẹ́jọ ti kọjá. A gbàdúrà fún un, a ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a kò sì bi í bóyá ó ti dé ọsibítù. A jẹ̀bi níbẹ̀, a kò ní fi pamọ́. Wòlíì Aísáyà tí ó gbọ́ láti ẹnu Ọlọ́run pé Hesekáyà yóò yè, òun kan náà ni ó ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Àwa tí a ń ka ìtàn yìí fún ìjọ lọ́dọọdún ni a kò rántí rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí bàbá lọ, wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni, ó sì ti wọ inú iṣan àpò náà. Dókítà ní oògùn ni yóò kọ́kọ́ gbà fún bí oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé ìyàwó rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní alẹ́. "Pásítọ̀, ẹ gbà wá o. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ta á nù? Bí ejò bá wọ ilé, ṣebí a máa ń kọ́kọ́ lé e jáde ni?" Lójú tiwa náà, ìbéèrè yẹn bọ́gbọ́n mu, títí a fi jókòó láti wádìí.

Ọlọ́run fi àwọn ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń bá àrùn jà. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò. Ẹran ara wa tí ó yapa ni, aṣọ ilé ni ó wọ̀. Ó tún mọ ibi tí ìjánu àwọn ọmọ ogun náà wà, a sì máa fà á kí wọ́n má baà jà. James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2018 nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìjánu wọ̀nyí. Oògùn tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í fúnra rẹ̀ pa jẹjẹrẹ. Ìjánu ni ó ń tú.

Kí ló dé tí a fi ń fún ènìyàn ṣáájú ọ̀bẹ? Ẹ wo àwọn ọdẹ àdúgbò. Bí ọwọ́ wọn bá tẹ olè kan, wọn yóò wo ojú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti sá pamọ́. Nígbà tí kókó jẹjẹrẹ ṣì wà nínú ara ni àwọn ọmọ ogun máa ń rí i kọ́ dáadáa, kí wọ́n lè lépa èyí tí ó ti fọ́n ká sí ibi tí ojú oníṣẹ́ abẹ kò tó.

Ohun àjèjì kọ́ pátápátá. Abẹ́rẹ́ BCG tí a ń gún ìkókó lápá nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, Alvaro Morales ní Kánádà kọ ìwé ní ọdún 1976 nípa bí òun ṣe dà á sínú àpò ìtọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì wọ inú iṣan, kí ó lè ta àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ jí. Wọ́n ṣì ń lò ó títí di òní.

Ní ti èyí tí ó ti wọ iṣan, àbájáde ìwádìí NIAGARA jáde ní ọdún 2024. Ènìyàn 1,063 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni a fẹ́ yọ àpò ìtọ̀ wọn. Gbogbo wọn ni a là sílẹ̀ fún oògùn líle méjì, gemcitabine àti cisplatin. Àwọn bí ìdajì gba durvalumab, tí ń tú ìjánu, mọ́ ọn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń gbà á lọ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí 82 nínú 100 àwọn tí ó gba durvalumab ni ó wà láàyè. Ní ti àwọn yòókù, bí 75 ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Méje nínú ọgọ́rùn-ún: ẹni tí ó bá ní ó kéré, kí ó lọ bi ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn méje náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tí a tú ìjánu rẹ̀ lè yíjú sí ilé olúwa rẹ̀, kí ó máa ba ẹ̀dọ̀fóró, ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ jẹ́. Cisplatin ń fẹ́ kíndìnrín tí ó le. Owó durvalumab sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa lè dá san.

Ohun kan tún wà tí ó kàn wá gan-an. Irú jẹjẹrẹ tí ìwádìí yẹn dá lé ni èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara awọ inú àpò ìtọ̀, tí sìgá mímu sì jẹ́ olórí ohun tí ń fà á. Ní ilẹ̀ wa, irú mìíràn wà tí àtọ̀sí ajá ń fà. Kòkòrò rẹ̀ ń ti ara ìṣáwùrú bọ́ sínú omi, a sì máa gba awọ ẹsẹ̀ wọlé. Ẹyin rẹ̀ tí ó há sí ara àpò ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń di jẹjẹrẹ. Àwọn tí ń gbé ní etí adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà èwe wa, àwọn ọmọkùnrin tí ń wẹ̀ nínú odò a máa fi ìtọ̀ pupa yangàn pé àwọn ti ń dàgbà! Praziquantel ń pa kòkòrò náà, bí a bá tètè lò ó. Nítorí náà, bí dókítà bá dárúkọ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ẹ bi í pé irú èwo ni. Ní Ifẹ̀ wa níhìn-ín, láti ọdún 2013 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń bá àwọn ti Memorial Sloan Kettering ní New York ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, àgàgà ti ìfun, wọ́n sì rí i pé tiwa kì í fi gbogbo ìgbà bá ti òyìnbó mu.

Ọmọ bàbá wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè iye owó durvalumab. Apá wọn kò ká a. Oògùn méjì àkọ́kọ́ ni bàbá gbà, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ń lo àpò tí a so mọ́ ikùn báyìí, ìdí nìyí tí ó fi ń jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ ìsinmi. Òun ni ó gbà wá láyè láti kọ èyí. Ó ní oògùn tí owó òun kò ká kò dun òun tó oṣù mẹ́jọ tí òun fi ń dúró kí ìtọ̀ mọ́.