«Ṣebí wèrè ni?»

Bí obìnrin tó ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ bá ní olùtọ́jú fipá bá òun lò pọ̀, ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́, àní lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àìsàn kò sọ ènìyàn di òpùrọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bó ṣe sọ ọ́. Ẹ mú un jìnnà sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn. A máa ń sáré bomi wẹ̀ fún un; ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ń bá omi lọ. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: oògùn tó ń dènà sídà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Òfin 2021-11 ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń fìyà jẹ afipábánilò. Olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́, ṣùgbọ́n níwájú adájọ́, kì í ṣe ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwòsàn.