Ewé Tútù Kò Jẹ̀bi

Sabon Zongo, ní ìlú Accra, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí ewé tútù ti ń bá waakye rìn ní àràárọ̀. Síbẹ̀, bí mo bá ti ní mo fẹ́ ṣe sàláàdì, ẹnìkan yóò sọ pé oúnjẹ òyìnbó ni, ẹlòmíràn yóò ní oúnjẹ àìsàn ni. Irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Òótọ́ wà nínú ti èkejì, ṣùgbọ́n orí aláìṣẹ̀ ni wọ́n ń di ẹ̀bi náà rù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òyìnbó. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń gbin lẹ́tùùsì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Ṣé Áfíríkà kọ́ ni Íjíbítì wà ni? Ata ńkọ́, tí a ní láìsí òun kò sí ọbẹ̀? Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀pà ti wá. Bí a bá fẹ́ lé àlejò kúrò nínú ìkòkò, ata la ó kọ́kọ́ lé. Àwa Yorùbá ń jẹ yánrin, ìbátan lẹ́tùùsì ni. Àwọn Hausa tí wọ́n bá Malam Bako tẹ Sabon Zongo dó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ní kwaɗo, ìyẹn ewé tí a fi kúlíkúlí, ata àti àlùbọ́sà pò. Kí ni kwaɗo bí kò ṣe sàláàdì?

Ohun tó jẹ́ ti òyìnbó níbẹ̀ ni ọ̀rá funfun inú ìgò tí a ń fún sórí ewé. Ẹ pa á tì. Ẹ wá kpakpo shito, ata róbótó olóòórùn dídùn tí àwọn Gã fẹ́ràn. Ẹ sun ún lórí ẹyín iná pẹ̀lú tòmátì kan àti àlùbọ́sà, títí èèpo wọn yóò fi dúdú. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú asanka, ẹ fi iyọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun ni kí ẹ tó dà á sórí ewé, kó má baà rọ.

Àìsàn ńkọ́? Púpọ̀ nínú lẹ́tùùsì tí a ń jẹ ní Accra, àárín ìlú ni wọ́n ti ń gbìn ín, ní àdúgbò bíi Dzorwulu, omi gọ́tà sì wà nínú omi tí wọ́n ń bu sí i. Àwọn olùwádìí ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kòkòrò ìgbẹ́ wà lára rẹ̀. Ní 2014, onígbáméjì mú ènìyàn tó lé ní 28,000 ní Ghana, Accra ló sì jìyà rẹ̀ jù. Ìgbẹ́ tó wọnú omi ni gbòǹgbò irú àrùn bẹ́ẹ̀.

Ta wá ni wọ́n ń bá wí? Àgbẹ̀ àti obìnrin tó ń ta waakye. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Àgbẹ̀ kọ́ ló darí gọ́tà sínú odò. Bí a bá lé e kúrò lórí ilẹ̀ lónìí, gọ́tà yóò ṣì máa ṣàn lọ́la. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006 kò ní kí a lé e. Ó ní kí a ṣe ìdènà láti oko dé ilé ìdáná: kí a dáwọ́ omi dúró fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìkórè, kí a sì fọ ewé dáadáa. Kí a kàn ri ewé bọ inú omi iyọ̀ fìrí, ìyẹn kò tó. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà tí kò ṣàn jù, ẹ tún un ṣàn.

Ṣùgbọ́n fínígà kò lè ṣe iṣẹ́ ìjọba. Bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò ní Zongo Junction, ẹ bi í nípa omi tí wọ́n fi ń rin ewé wa. Kó tó dáhùn, ẹ bu àwo sàláàdì kan fún un kó jẹ.