Ẹ Jẹ́ Ká Ya Àgbàdo Àná Sọ́tọ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà! Àwọn oníbàárà ní Ìkòtún ń ráhùn pé àgbàdo tútù tí àwọn sè nílé le, kò sì dùn. Àwọn kan nínú wa á ní wọn ò mọ̀ ọ́n sè ni. Irọ́ ni o! Bí wọ́n bá ti já àgbàdo lóko báyìí ni ṣúgà inú ẹ̀ ti ń di sítáàṣì (àní irú èyí tá a fi ń lọ aṣọ), ooru sì ń mú un yá. Èyí tó sùn nínú lọ́rì, tó tún jókòó sóòrùn lórí àtẹ wa, iyọ̀ inú ìkòkò ò lè dá adùn ẹ̀ padà. Tòní ni kéèyàn sè lónìí, pẹ̀lú háhá díẹ̀ lára ẹ̀. Gáàsì sì ti wọ́n, ta ló fẹ́ dáná dọ̀sán? A ò ní purọ́, àwa náà ti da tàná mọ́ tòní rí. Ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀, ká dín owó ẹ̀, ká sọ fún oníbàárà pé kó sun ún, tàbí kó lọ̀ ọ́ fi ṣe sapala.