Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Là Ń Bẹ̀rù

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ dá lórí àwọn tí a ń rán lọ sí Ilé Aṣòfin. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Lójú tiwa, àti àwa tí a ránni níṣẹ́, àti ẹni tí a rán, gbogbo wa la ti gbàgbé òwe yìí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí àwọn aṣòfin Nàìjíríà ń ṣòfin lábẹ́ ọba. Ọba náà kì í ṣe Olówu, kì í ṣe Akirè, kì í sì í ṣe Alápòmù. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1960, òun náà ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa. Aṣòfin 312 tí a dìbò yàn ní oṣù kejìlá, 1959 ló wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Èkó. Kí ọ̀kan nínú wọn tó lè jókòó ṣòfin, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí Ọbabìnrin àti àwọn àrólé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹnu kò lórí òfin kan, kò tí ì di òfin àfi bí Gómìnà-Àgbà bá fọwọ́ sí i ní orúkọ Ọbabìnrin. Ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1963 ni èyí dópin, tí Dókítà Nnamdi Azikiwe di Ààrẹ.

Àwọn tó ń ṣòfin lábẹ́ ọba òkèèrè yìí, ta ni wọ́n ń bẹ̀rù? Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, 1953, tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹni ọdún 29, dìde nílé aṣòfin, ó dá a lábàá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, kò fara mọ́ ọdún tó dá. Ó ní nínú ọ̀rọ̀ ńlá bí irú èyí, àwọn ará Òkè Ọya gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ àwọn tí àwọn ń ṣojú fún. Àwọn aṣòfin Ọlọ́pẹ àti ti Alákùkọ fi ìbínú jáde, àbá náà kò sì wọlé. Ṣùgbọ́n kò kú. Ládòkè Akíntọ́lá tún gbé irú rẹ̀ wá ní 1957, ilé sì gbà á. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ní kó yá àti ẹni tó ní kó lọ́ra, àwọn tó rán wọn níṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Kò sí èyí tó wojú ọba òkèèrè kó tó sọ̀rọ̀.

Irú ìlú tí ọba ti ń pàṣẹ fún aṣòfin ṣì wà ní Áfíríkà. Ní Eswatini, tí wọ́n ń pè ní Swaziland tẹ́lẹ̀, Ọba Sobhuza Kejì ka ẹgbẹ́ òṣèlú léèwọ̀ ní 1973. Ní 2021, aṣòfin méjì, Mduduzi Bacede Mabuza àti Mthandeni Dube, ń sọ pé kí aráàlú máa fúnra wọn yan olórí ìjọba. Wọ́n mú wọn lóṣù keje ọdún náà. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ sọ Mabuza sẹ́wọ̀n ọdún 25, ó sọ Dube sẹ́wọ̀n ọdún 18, lórí ẹ̀sùn ìpániláyà àti àwọn ẹ̀sùn mìíràn tí wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi rẹ̀. Àwa kọ́ ni adájọ́ wọn. Ohun tí a mọ̀ ni pé aṣòfin tó sọ̀rọ̀ níwájú ọba alágbára mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè ná òun ní nǹkan.

Kí ló ń ba tiwa lẹ́rù? Nínú àwọn 360 tó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ẹni 9 ló ti Ọ̀ṣun lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣojú Ayédáadé, Irewọlé àti Ìṣọ̀kan, ìyẹn Orílẹ̀-Òwu, Gbọ̀ngán, Ìkirè, Apòmù àti gbogbo abúlé tó yí wa ká. Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, kò sí ọba kankan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn Ọlọ́hun, àwa nìkan ló yẹ kó bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n kí là ń ṣe? Bí aṣòfin bá wọ̀lú, a ó lu ìlù, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó máa kì í bí ẹni ń kì ọba. Bó bá pín ìrẹsì àti àǹkárá, a ó máa dúpẹ́ bí ẹni pé oko bàbá rẹ̀ ló ti kó o wá. A kò bá ẹnì kan wí. Àwa fúnra wa la dé ìránṣẹ́ wa ládé.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òṣèlú kò yẹ ilé-kéwú. A ní ó yẹ. Ṣúrà, ìyẹn ìfikùnlukùn, ni orúkọ súrà kejìlélógójì nínú Àlùkùráánì, àmáánà sì ni ipò jẹ́. Àwọn mìíràn yóò ní àfojúdi ni kéèyàn máa bi ẹni ńlá léèrè. Ọba pàápàá ní ìjòyè tó ń sọ òótọ́ fún un, kí wá ni ti ẹni tí a yàn fún ọdún 4?

Ìmọ̀ràn wa rèé. Bó bá tún dé, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Àbá wo lẹ dá? Nígbà tí wọ́n ń dìbò lórí òfin, apá ibo lẹ wà? Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó gba Ìkirè kọjá, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Kí lẹ sọ nípa rẹ̀ nílé aṣòfin? Kí ẹ tó gba àpò ìrẹsì, ẹ gba èsì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú yín la ó rán lọ́la. Ẹ má gbàgbé ẹni tó rán yín. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè jẹ́ iṣẹ́ wa bí iṣẹ́. Àmín.